Ìrònú Tí Kò Mọ Ìgbà Tí Yóò Dáwọ́ Dúró: Bí Másùnmáwo Ṣe Ń Yí Ọpọlọ Padà

Ìyá elélùbọ́ kan wà ní àdúgbò wa tí kì í gbé fóònù ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ni àwọn tó yá a lówó gbọ́mú-lé-lántà máa ń wá gba owó ọ̀sẹ̀ wọn, bí wọn kò bá sì tíì dé, wọ́n á ti máa pè. Fóònù á dún, àyà rẹ̀ á já, á da ojú fóònù náà bolẹ̀ lórí àpò èlùbọ́, á sì dúró síbẹ̀ láìmira títí tí yóò fi dákẹ́. Ó tiraka, ó san gbèsè náà tán ní oṣù Kẹjọ. Gbogbo wa bá a dúpẹ́. Àmọ́ nígbà tó di oṣù Kọkànlá, àyà rẹ̀ ṣì ń já bí fóònù bá dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pè é. Aago mẹ́ta òru lojú rẹ̀ ń là, kò sì ní lè padà sùn. Ọbẹ̀ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, wọ́n tún fi ti tàífọ́ọ̀dù kún un, ara rẹ̀ kò sì le.

"Ìrònú ni," làwọn ará àdúgbò wí. "Ó ń ronú jù. Kó gbé e kúrò lọ́kàn."

Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́, ìdajì kejì ló ń dá kún ìnira. Ìrònú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti di ìsoríkọ́, àìsàn tí másùnmáwo tó pẹ́ lára lè fà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbé e kúrò lọ́kàn dà bí ẹni tó ń pariwo sí awakọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já lórí òkè Mókọ́lá pé kó rọra máa lọ. Ohun tí ì bá fi rọra lọ gan-an ló ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò sí àìsàn. Ẹ ń sọdá títì, ọ̀kadà kan yọ láìfọn fèrè. Kí ẹ tó mọ ohun tó ń bọ̀, ẹ ti fò sẹ́yìn, àyà yín ń lù kìkì, itọ́ ti gbẹ lẹ́nu yín. Adrenaline ló ṣe èyí. Àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó dé kíndìnrín lórí bíi fìlà ló tú u sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn fìlà yìí kan náà á tú nǹkan mìíràn jáde, orúkọ rẹ̀ ni cortisol, iṣẹ́ tirẹ̀ sì pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń kó ṣúgà jáde sínú ẹ̀jẹ̀ kí agbára má baà tán. Iṣẹ́ tí kò kánjú, bíi jíjẹ kí oúnjẹ dà àti títún ara ṣe, á ní kí wọ́n dúró ná. Ọ̀kadà á kọjá lọ, ẹ ó ṣépè díẹ̀ fún ọlọ́kadà, lẹ́yìn bíi wákàtí kan ara á ti wálẹ̀. Kò sí ìpalára kankan. Bí ara kò bá lè ṣe báyìí, a ò ní pẹ́ láyé.

Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Hans Selye, ní Montreal ní Kánádà, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí síta ní ọdún 1936. Ó rí i pé eku tí òtútù mú, eku tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti eku tí wọ́n mú sáré títí agbára rẹ̀ fi pin, ọ̀nà kan náà ni ara wọn ń gbà dáhùn: fìlà orí kíndìnrín wọn wú, egbò sì wà nínú ikùn wọn. Wàhálà yàtọ̀ síra, èsì ara jẹ́ ọ̀kan. Ohun tí Selye rí nìyẹn. Ti ọpọlọ ni kò tíì dé ibẹ̀ nígbà náà.

Bí a bá wo inú agbárí bí agboolé, àwọn mẹ́ta ló kàn wá níbẹ̀. Máígáàdì ni àkọ́kọ́, amygdala ni àwọn dókítà ń pè é. Kókó kékeré kan ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tiwọn sì ni láti pariwo bí nǹkan eléwu bá ń bọ̀. Ìkejì ni akọ̀wé, hippocampus. Òun ló ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, òun náà ló sì ń mọ̀ pé èyí ti kọjá, pé ọ̀kadà àná kì í ṣe ti òní. Ìkẹta ni àgbà ilé, tó jókòó sẹ́yìn iwájú orí wa gan-an, prefrontal cortex. Òun ló ń gbèrò, tó ń ní sùúrù, tó sì ń sọ fún máígáàdì pé, "Ìwọ yìí, jókòó, àlejò ni."

Nígbà tí máígáàdì bá pariwo, ìsọfúnni á lọ sí hypothalamus ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, á ti ibẹ̀ bọ́ sí pituitary tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, pituitary á sì ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá fìlà orí kíndìnrín. Cortisol dé. Ibi tó wá wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: cortisol yìí tún gba inú ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọpọlọ, ó sì lọ bá akọ̀wé. Ní ọdún 1968, Bruce McEwen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller ní New York fi hàn lára eku pé hippocampus wà lára ibi tí irú èròjà yìí ń lẹ̀ mọ́ jù lọ nínú ọpọlọ. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé akọ̀wé wà lára àwọn tó ń ka iye tó ti wọlé. Bó bá rí i pé ó ti tó, á ránṣẹ́ padà: ó tó, ẹ pa á. Ìdágìrì á sì rọlẹ̀. Bíréèkì nìyẹn.

Ọ̀kadà máa ń kọjá lọ. Gbèsè kì í kọjá lọ. Owó oṣù tí ìjọba kò san fún oṣù mẹ́fà kì í kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọkọ tó ń na ìyàwó, tàbí físà tí èèyàn ti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀ tí ilé ìjọba òkèèrè kò sì fèsì. Èyí tó tún burú ni pé máígáàdì kò mọ ìyàtọ̀ tó pọ̀ láàárín ewu tó wà lójú ọ̀nà àti ewu tí èèyàn dùbúlẹ̀ tó ń rò. Bí ẹ bá ro ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóru kan, ó ṣeé ṣe kí ó pariwo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí akọ̀wé nígbà náà, inú eku la ti kọ́kọ́ rí i kedere. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní ẹ̀ka bí igi, ẹ̀ka wọ̀nyí ló sì fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù. Nínú yàrá ìwádìí McEwen, wọ́n há eku mọ́ inú ohun tóóró kan fún wákàtí 6 lójúmọ́, fún ọjọ́ 21. Ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì inú hippocampus wọn kúrú, ó sì dín níye. Kò kú o. Ó ká ara rẹ̀ kò ni, bí igi tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Àwọn onímọ̀ kan ní Bangalore ní Íńdíà wá wo máígáàdì ní tiwọn, wọ́n gbé èsì jáde ní ọdún 2002: másùnmáwo tó ń gé ẹ̀ka akọ̀wé ń mú kí ẹ̀ka máígáàdì hù sí i. Ẹni tó ń pariwo ń sanra, ẹni tó ń sọ pé ó tó ń rù. Ẹ̀ka àgbà ilé náà ń gé kúrò.

Ẹ wá wo bó ṣe ń yí po. Cortisol pọ̀, akọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀, kò lágbára láti ní kí wọ́n dá cortisol dúró. Cortisol tún pọ̀ sí i. Àwọn àgbà wa ní àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá, mo sì máa ń rò pé "àsun-ùn-dá" ni wọ́n fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹkún kò burú, ara ló ní kí a sunkún. Àìdá rẹ̀ ni wàhálà.

Àwọn ará Bangalore yìí kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2004, wọ́n jẹ́ kí eku wọn sinmi fún ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ìnira ti parí. Máígáàdì kò padà sí bó ṣe wà, ẹ̀rù ṣì ń ba eku náà. Ìgbà tí mo ka èyí ni fóònù ìyá elélùbọ́ yé mi. Eku kì í ṣe èèyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó ti tán, àyà ṣì ń já.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ó kan èèyàn? Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ wá láti inú àìsàn tí kò ní gbèsè tàbí ìjà ọkọ nínú rárá. Cushing ni wọ́n ń pè é, orúkọ oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tó ṣàlàyé rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kókó kékeré kan ló hù lára pituitary, tó wá ń pàṣẹ cortisol lọ́tùn-ún lósì láìsí ewu kankan. Ojú aláìsàn á rí róbótó, ikùn á tóbi, apá àti ẹsẹ̀ á tín-ín-rín. Ó lé ní ìdajì wọn tí ìsoríkọ́ ń bá jà. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ tí cortisol wálẹ̀, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fúyẹ́, hippocampus wọn a sì tóbi díẹ̀ sí i. Ó tó kí àwọn tó ń gbé dexamethasone mì láti fi sanra ronú sí i, nítorí ẹbí cortisol ni oògùn yẹn. Bí ẹ bá ti ń lò ó tipẹ́, ẹ má kàn jáwọ́ lójijì o, ẹ rí dókítà, torí fìlà orí kíndìnrín yín ti lè sùn lọ.

Ẹ̀rí kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín nítorí gbogbo ẹni tó kàwé ló mọ̀ ọ́n. Ní New York, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 20 tí ìdánwò ńlá ti ń le fún bí oṣù kan, wọ́n fi wọ́n wé ẹlòmíràn tí ara wọn balẹ̀. Àwọn oníìdánwò kò lè tètè yí ọkàn kúrò lórí nǹkan kan sí òmíràn, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọpọlọ sì fi hàn pé àgbà ilé kò bá àwọn ibi yòókù sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìdánwò parí, wọ́n sinmi fún bí oṣù kan, wọ́n tún wọn wò. Ó ti padà bọ̀ sípò. Ọdún 2009 ni èsì náà jáde.

Ilé wa nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Lọ́dún 1960, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, Raymond Prince, kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń wá bá a. Wọ́n ní orí àwọn ń gbóná, bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀, àwọn kàwé, kò wọlé. "Brain fag" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é. Àwọn àgbà tí kò kàwé náà ní irú tiwọn, ọdẹ orí, tó ń rìn kiri nínú agbárí bí ọdẹ inú igbó. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, oníṣègùn òyìnbó kan, J. C. Carothers, ti kọ̀wé fún àjọ WHO ní 1953 pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ọmọ Áfíríkà. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó dá ètò abúlé Aro sílẹ̀ ní 1954 kí aláìsàn lè máa gbé láàárín èèyàn dípò kí wọ́n tì í mọ́lé, kò gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Òun àti àwọn ará Yunifásítì Cornell wọ abúlé lọ, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìwé wọn jáde ní 1963: àìsàn náà wà láàárín Yorùbá, kò ṣọ̀wọ́n rárá. A kàn kì í sọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ ni. Àwa á ní orí ń gbóná, àyà ń já, ara kò lélẹ̀, ó rẹ̀ mí wá láti inú egungun. Ìdí nìyẹn tí kẹ́mísì fi ń ta oògùn ibà fún wa. N kò sì rò pé a ṣì í sọ. Orí náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ó ṣe di ìsoríkọ́ gan-an wá ńkọ́? Akọ̀wé tó rù kò rántí pé ayé ti dùn rí, ó sì ṣòro fún un láti gbà pé ewu ti kọjá. Àgbà ilé tó rẹ̀ kò lè dá ìrònú dúró, ni ọ̀rọ̀ kan náà fi ń yípo láti aago mẹ́ta títí ilẹ̀ fi mọ́. Máígáàdì tó sanra ń rí ewu nínú ohun gbogbo. Ibi tí ọpọlọ ti ń mọ adùn náà ń kú tipiri, kódà bí ọmọ-ọmọ bá fò mọ́ èèyàn, á rí i pé ó yẹ kí inú òun dùn, inú náà kò sì ní dùn. Àwọn tó ti bọ́ síbẹ̀ sọ fún mi pé èyí dunni ju ẹkún lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ìyà jẹ ló ń dé ibẹ̀. Àwọn kan jogún rẹ̀: ìwádìí lórí ìbejì fi hàn pé àjogúnbá kó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn kan ti rí ìnira láti kékeré, máígáàdì wọn ti dàgbà kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ọjà. Ìsoríkọ́ a sì máa wá láìsí wàhálà kankan nígbà mìíràn, lẹ́yìn ìbímọ tàbí nígbà tí ẹṣẹ́ ọrùn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Camberwell ní Lọ́ńdọ̀nù, George Brown àti Tirril Harris bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ títí, wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde ní 1978. Nígbà tí àjálù bá dé, obìnrin tó ní ẹnì kan tó lè tú ikùn rẹ̀ sí kì í sábà ṣubú bí ẹni tí kò ní. Ẹ rántí pé ìyá elélùbọ́ ti fi ìpàdé ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ìbànújẹ́ lásán kọ́ là ń sọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú á sunkún, á jẹun díẹ̀, á rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá sọ ìtàn bàbá náà, á tún sunkún. Bí ọkàn bá wúwo lójoojúmọ́, tí adùn sì ti lọ kúrò nínú ohun gbogbo fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí oorun, oúnjẹ àti agbára bá a lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń sọ pé ó sàn kí òun má sí mọ́, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ. Aro wà, UCH Ìbàdàn wà, Yaba wà, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí náà sì lè darí yín. Kì í ṣe wèrè là ń pe ẹnikẹ́ni. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023 ti gba ipò òfin "Lunacy", ìyẹn òfin wèrè, ti 1958.

Ẹ̀ka tó gé lè hù padà. Ọpọlọ ní ajílẹ̀ tirẹ̀, BDNF ni orúkọ rẹ̀. Másùnmáwo ń dín in kù, eré ìdárayá ń fi kún un, oògùn ìsoríkọ́ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó kéré tán lára eku. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àgbàlagbà 120 sí méjì. Àwọn kan ń rìn fún ìṣẹ́jú 40, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn yòókù kàn ń na ara. Lẹ́yìn ọdún kan, hippocampus àwọn tó ń rìn fi bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i, ti àwọn yòókù dín kù. Rírìn lásán ni o, kì í ṣe olówó gọbọi.

Oògùn ni àwa èèyàn kì í ní sùúrù fún. A ti mọ parasẹtamọ́ọ̀lù mọ́ra, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Oògùn ìsoríkọ́ a máa gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, bóyá nítorí pé ẹ̀ka ló ń hù, igi kì í sì í hù lóru ọjọ́ kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ pé èròjà serotonin kan ló dín kù nínú orí, òun ló sì parí ọ̀rọ̀, àwọn onímọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn mọ́. Ìyẹn kò ní kí oògùn má ṣiṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ sísọ náà jẹ́ ìtọ́jú gidi. Ní Harare ní Zimbabwe, oníṣègùn Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà, ó gbé bẹ́ǹṣì sẹ́yìn ilé ìwòsàn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo á wá jókòó tì wọ́n. Wọ́n dán an wò dáadáa, èsì jáde ní 2016: ìsoríkọ́ dín kù gan-an ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ. Orúkọ tí àwọn ará Ṣónà ń pe àìsàn náà ni kufungisisa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ríronú jù.

Ìyàwó ọmọ ìyá elélùbọ́ ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn nígbẹ̀yìn. Dókítà bi í pé, "Màmá, kí lẹ máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀?" Ó ní òun kò rántí. Wọ́n fún un ní oògùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó fẹ́ dà á nù, ó ní kò ṣe nǹkan kan fún òun, àfi kí ẹnu òun máa gbẹ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé ìyànà ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí, wọ́n á sì tún rìn padà.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo wà níbẹ̀ tí mo ń ra èlùbọ́. Fóònù dún. Ó wò ó, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, mo rí i. Ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó gbé e. Oníbàárà ni, ó ń béèrè bóyá èlùbọ́ Ṣakí ti dé.

Ó ní ó ti dé.